Ẹ Tẹ̀ Ẹ́, Kí Ẹ Máa Kọjá

Bó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń kọ́lé, Ridwanullah ìbá ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí gbogbo àdúgbò n'Ìlaròó. Ọmọ náà lẹ́nu! Bó bá ti gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀ níwájú yín, tó ní, "Ẹ̀yin òbí mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀," ẹ ó ti máa wá pọ́ọ̀sì yín kiri kí ẹ tó mọ ohun tó ń tà. Ẹ má rò pé mo ń bú u o. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹnu yẹn náà ló kó o sí wàhálà, ohun tí mo sì jókòó láti sọ nìyẹn.

Sọ́fítíwíà ló ń tà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, nígbà tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò ríṣẹ́. Èsì Wẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, àwọn ilé-ìwé nọ́sìrì àti pírámárì ló sì ń tà á fún. Tíṣà á tẹ máàkì àwọn ọmọ sínú kọ̀ǹpútà, Èsì Wẹ́rẹ́ á ṣírò rẹ̀, á to ipò àwọn ọmọ, á sì tẹ káàdì èsì jáde, gbogbo rẹ̀ á dán gbinrin. Iṣẹ́ tó máa ń gba àwọn tíṣà ní odindi ọ̀sẹ̀, tí wọn á máa jiyàn, tí wọn á máa pa á rẹ́, ìrọ̀lẹ́ kan ló ń gbà báyìí.

Àmọ́ kò sí nínú ọjà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn òyìnbó ti ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó mú káàdì dọ́là wá, kó mú ìwé ilé-iṣẹ́ wá, kí wọ́n tó lè fi òǹtẹ̀ lu iṣẹ́ rẹ̀. Ridwan ní, "Níbo ni mo ti fẹ́ rí i?" Ló bá ń gbé ọjà rẹ̀ kiri fúnra rẹ̀, láti Ìlaròó dé Jóga-Orílé, láti Jóga dé Ọjà-Ọ̀dàn, fúláàṣì lápò, láptọ́ọ̀pù lẹ́yìn. Bó bá délé, á tún máa pariwo rẹ̀ lórí Wásáàpù.

Nítorí pé kò sí òǹtẹ̀ yẹn lára rẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà tó gbà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti fẹ́ ṣí i, nǹkan aláwọ̀ búlúù kan á bo ojú kọ̀ǹpútà, á ní: a ò mọ ẹni tó ṣe èyí, ó lè ba nǹkan rẹ jẹ́, má ṣí i. Oníbàárà á rí i, á sì fà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ẹnu Ridwan ti máa ń jáde.

"Ẹ̀yin òbí mi," á ní, "ṣé ọmọ ẹnubodè kọ́ ni wá ni? Ta ni ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ò tíì dá dúró rí níbí? Ẹ gbé ẹ̀gẹ́ yín bọ̀ láti oko, ó ní, 'Dúró! Kí lo rù?' Ẹ kí i, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ sì ń bá tiyín lọ, torí ẹ mọ ohun tí ẹ rù. Ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìyí. Òun ni ò mọ̀ mí. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ mí ni? Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa kọjá!"

Háà, ẹ̀rín! Àwọn èèyàn á máa lu ara wọn léjìká. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá dàgbà láàárín ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà kì í bẹ̀rù "dúró" mọ́? Ọ̀rọ̀ náà bá wọn lára mu ju bó ti yẹ lọ. Wọn á tẹ̀ ẹ́, wọn á kọjá, Èsì Wẹ́rẹ́ á ṣí, kò sì ní sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì nínú kọ̀ǹpútà wọn ńkọ́? Ridwan á kọ́kọ́ pa á títí Èsì Wẹ́rẹ́ á fi wọlé, torí òun náà kì í jẹ́ kí ọjà rẹ̀ sinmi.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu ọlọ́jà nìkan ò tó tajà. Wọn á bi ọ́ pé, "Ta ló mọ̀ ọ́n?" Ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó máa ní, "Èmi mọ̀ ọ́n." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Ridwan ni Màmá Hùmúàní, ìyàwó olóògbé Tíṣà Bàrúwà, tó ni ilé-ìwé kan ní Ọjà-Ọ̀dàn. Ó ra Èsì Wẹ́rẹ́, ó gbádùn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ibi tó bá ti pàdé ẹni tó ní ilé-ìwé, ì báà ṣe níbi ìsọmọlórúkọ, "Ọmọ mi kan wà n'Ìlaròó," ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo oníbàárà tí Ridwan ní lápá ibẹ̀ pátá, ẹnu Màmá ló mú wọn wá.

Ohun kan wà nínú kọ̀ǹpútà Màmá tó ju èsì ìdánwò lọ. Nígbà tí Tíṣà Bàrúwà wà láyé, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn ọmọ tó lọ sílé, ló máa ń pàlọ́ fún wọn. Màmá ń fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, tí fóònù náà sì fẹ́ kú tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n bá òun kó o sínú kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti dé, wọn á so kọ̀ǹpútà mọ́ sípíkà ńlá ilé-ìwé. Bàbá á ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ tí ò fojú rí i rí á gbà á pé, "Ààlọ̀!" Àlọ́ àdàbà tó lọ yé ẹyin sínú fìlà baálẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bàbá wúkọ́ láàárín àlọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ti dé ibi ikọ́ náà, gbogbo wọn á ní lẹ́ẹ̀kan náà, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá!" Màmá á dúró ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, á máa rẹ́rìn-ín, á máa nu ojú.

Ìgbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Ẹ rántí ọdún yẹn? Kò pẹ́ tí wọ́n tún ní kí epo bẹntiróòlù má wọ ìlú tó bá sún mọ́ ẹnubodè mọ́. Epo di góòlù. Ridwan ò lè gun ọ̀kadà kiri bíi ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ Dìsẹ́ńbà ti dé, ilé-ìwé fẹ́ tẹ èsì. Ó sì ti tún Èsì Wẹ́rẹ́ ṣe, torí ti tẹ́lẹ̀ kì í mọ ohun tó máa ṣe bí máàkì ọmọ méjì bá dọ́gba. Íńtánẹ́ẹ̀tì Ọjà-Ọ̀dàn ò lágbára tó lè gbé e. Ó ní kò burú, òun á fi fúláàṣì rán an sí Màmá.

Ọjọ́ tó fẹ́ rán an, kò sí iná, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti kú fin-ín. Ó sáré wọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan tí wọ́n ti ń lo jẹnẹrétọ̀, níbi tí gbogbo ayé ti ń ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Láti orí Wásáàpù rẹ̀, níbi tó fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí, ló ti gbé Èsì Wẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sórí fúláàṣì. Bó ti ń dà á, kọ̀ǹpútà náà ké. Kì í ṣe búlúù lọ́tẹ̀ yìí. Pupa ni. Ó ní fáírọ́ọ̀sì wà lórí fúláàṣì yìí.

Ẹ gbọ́, Ridwan rí i. Ó kà á. Ẹni tó kàwé kọ̀ǹpútà ni, ó mọ ìyàtọ̀ búlúù àti pupa ju bí èmi àtẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn èèyàn títí, ọ̀rọ̀ náà ti wá wọ òun náà lára. Nàfíù, ọlọ́kadà tó ń ná Ìlaròó sí Ọjà-Ọ̀dàn, tó máa gbé fúláàṣì náà dé ọ̀dọ̀ Màmá, sì ń fọn fèrè níta, pé epo òun ń jó dànù. Ridwan tẹ̀ ẹ́, ó kọjá. Ó yọ fúláàṣì, ó sáré gbé e fún Nàfíù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ Màmá ni kí ẹ fi í lé o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?" Nàfíù dá a lóhùn, ó sì fi fúláàṣì sí àpò àyà.

Lọ́jọ́ kejì, Ridwan wà níwájú ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Jóga, ẹnu ń ṣiṣẹ́, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Màmá Hùmúàní ni.

"Ridi, ẹ̀ṣọ́ rẹ ti tún dé o. Ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ pupa lónìí. Ó ní fáírọ́ọ̀sì. Ṣé kí n dúró dè ọ́ ni?"

Oníbàárà ń wo Ridwan. Ó ti fẹ́ ra ọjà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lápò. Bí Ridwan bá ní "fáírọ́ọ̀sì" létí ọkùnrin yẹn, ọjà bàjẹ́ nìyẹn. Ó rántí pupa ti àná. Mo sọ pé ó rántí! Ó fi ẹ̀rín sí ohùn, ó ní, "Màmá, ẹ̀ṣọ́ kan náà ni, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa kọjá."

"Kò burú, ọmọ mi," ni Màmá wí.

Ẹyin lohùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Màmá tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣàwàdà. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ti yí orúkọ padà, kò sí èyí tó ń ṣí. Àwọn tó rán fáírọ́ọ̀sì náà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ pé kó lọ wá dọ́là wá bó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí i fún un.

Ridwan dé Ọjà-Ọ̀dàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà títí ọ̀sán fi pọ́n, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá ò tilẹ̀ bèèrè èsì. Ó ní ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ṣì wà nílẹ̀, àwọn tíṣà á tún un tẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè.

"Ohùn bàbá yín dà?"

Ridwan wá a. Ó rí ibi tí àlọ́ àdàbà wà, orúkọ rẹ̀ ti di rúdurùdu. Ó tẹ̀ ẹ́, kò fọhùn. Ó tún un tẹ̀. Fóònù ìjọ́sí ti di ohun àwátì, kò sì sí ẹlòmíì tó ní i lọ́wọ́.

"Kí ló fà á?" ni Màmá bi í. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ni.

Ridwan mọ òtítọ́. Ẹnu tó mọ ọjà í tà ló sọ̀rọ̀. "Màmá, àfi bóyá Ẹ̀gbọ́n Nàfíù. Àwọn ọlọ́kadà, wọ́n máa ń ki fúláàṣì olúwa rẹ̀ bọ rédíò láti fi gbọ́ orin. Ibẹ̀ ló ti lè kó o."

Láti ọjọ́ yẹn, Nàfíù tó ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé kéékèèké wá láràárọ̀, tó tún ń dá wọn padà sílé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíì ni Màmá gbé e fún.

Ẹ̀rí ọkàn kì í jẹ́ kéèyàn ó sùn gbádùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ridwan gbé kọ̀ǹpútà Màmá dé Abẹ́òkúta, ó bẹ àwọn tó gbọ́n jù ú lọ, wọ́n ní ohùn náà ti lọ. Oúnjẹ ò wọlé fún un mọ́. Bó bá ṣí Èsì Wẹ́rẹ́, tí nǹkan búlúù yẹn bá yọjú, á pa láptọ́ọ̀pù dé. Ó gbọ́ pé nígbà tí ilé-ìwé wọlé ní Jánúárì, àwọn ọmọ jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ń retí. Màmá sọ fún wọn pé àárẹ̀ ló mú sípíkà. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n bèèrè bóyá ara rẹ̀ ti yá.

Ohun tó tún burú ni pé Nàfíù pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Ìlaròó. Ridwan fẹ́ yà bàrá, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti rí i.

"Ridi, ìwọ lo mọ nǹkan wọ̀nyí," ni Nàfíù wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀ ẹ́, òun tí Ridwan ń pè ní ẹ̀gbọ́n. "Bá mi sọ fún Màmá. Mi ò ki fúláàṣì bọ ibì kankan. Rédíò gan-an ò sí lára ọ̀kadà mi. Àwọn ọmọ yẹn, ọkàn mi ń fà sí wọn."

"Màá sọ fún wọn, Ẹ̀gbọ́n," ni Ridwan wí. Kò sọ ọ́.

Kí lẹ rò pé Màmá wá ṣe? Màmá tí ohùn ọkọ rẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ó ní ẹ̀bi ọmọ òun kọ́, ẹ̀bi ọlọ́kadà ni, kò sì yẹ kí ọjà ọmọlọ́mọ tìtorí rẹ̀ kú. Àwọn tó ni ilé-ìwé aládàáni fẹ́ ṣe ìpàdé ní Ayétòrò ní oṣù Fẹ́búárì. Màmá bá Ridwan gba àyè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ní òun fúnra òun lòun máa fi Èsì Wẹ́rẹ́ hàn wọ́n. Irú oore wo nìyí? Oore tó ń dunni ju àbùkù lọ!

Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀pọ̀ wọn gbé láptọ́ọ̀pù wá, wọ́n ti gba fúláàṣì, wọ́n ń retí. Màmá Hùmúàní dìde pẹ̀lú híjáàbù funfun rẹ̀, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọmọ yìí, èmi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti fẹ́ ṣí i, kọ̀ǹpútà máa ní kí ẹ dúró. Ẹ má bẹ̀rù. Ṣé ọmọ ẹnubodè kọ́ ni wá ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Inú Màmá dùn, ó ń sọ ọ́ lọ bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí. "Ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Bó bá wọ aṣọ búlúù, bó bá wọ aṣọ pupa, ẹ̀ṣọ́ kan náà ni, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa kọjá!"

Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa kọjá!"

Ridwan rí Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹkúnlé, àgbàlagbà kan tó wá láti Àfọ̀n, tó na ìka sí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó wo ìka náà. Kí ni bàbá yìí ní nínú tirẹ̀? Ohùn ta ni? Àwòrán ta ni?

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

Kò mọ̀ pé òun ti dìde. Gbogbo ojú yí sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni mo pa fún yín. Búlúù yẹn ní, a ò mọ ẹni tó ṣe èyí; èmi ló yẹ kí n wá bí wọ́n ṣe máa mọ̀ mí, mo wá sọ ọ́ di àwàdà. Pupa ní, ewu wà ńbẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Màmá pè mí lọ́jọ́ tí wọ́n rí pupa, èmi ni mo ní kí wọ́n kọjá."

Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹkúnlé rọra pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Màmá ṣì di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ohùn rẹ̀ gba inú rẹ̀ jáde.

"Ṣé o ò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni, Ridi?"

Ẹ wò ó, bó bá ní òun ò mọ̀, ì bá bọ́. "Mo mọ̀, Màmá. Ìlaròó ni fúláàṣì yẹn ti kó o, lójú mi, kí Ẹ̀gbọ́n Nàfíù tó gbà á. Oníbàárà ló wà níwájú mi nígbà tí ẹ pè. Mi ò fẹ́ kí ọjà bàjẹ́."

Màmá fi ẹ̀rọ náà lélẹ̀. Ó mú báàgì rẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ Ridwan, ó dúró, kò wojú rẹ̀.

"O jẹ́ kí n lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́," ló wí. "Lọ bá Nàfíù. Kí o wá sí ilé-ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi ò ní pa irọ́ sípíkà fún àwọn ọmọ yẹn mọ́. Ìwọ lo máa sọ fún wọn."

Kò sẹ́ni tó ra Èsì Wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní láti bi mí.

Lówùúrọ̀ Jímọ̀, Ridwan bá Nàfíù níbi tó ti ń fọ ọ̀kadà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ọṣẹ, ó sọ gbogbo rẹ̀. Nàfíù gbọ́ ọ tán, ó fọ táyà ẹ̀yìn, ó fọ ti iwájú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Gorí ẹ̀." Ó gbé e dé Ọjà-Ọ̀dàn, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ ti jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n kọjú sí sípíkà. Màmá dúró ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Wọ́n fún Ridwan ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ fún wọn pé ohùn Bàbá ti sọnù, pé àárẹ̀ kankan ò mú sípíkà, pé ọwọ́ òun ló ti sọnù. Wọ́n kàn ń wò ó. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rodiat na ọwọ́ sókè.

"Bùọ̀dá, a ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí Bàbá wá pàlọ́ tiwọn."

Ridwan fẹ́ dá a lóhùn. Ẹkún ti dí i lọ́fun, ó sì gbìyànjú láti gbé e mì. Ikọ́ ló jáde. Ikọ́ náà gba inú sípíkà lọ, ó dún ketekete lábẹ́ igi máńgòrò.

Ojú àwọn ọmọ là. Wọ́n yí sí sípíkà, gbogbo wọn pátá, wọ́n sì dáhùn tayọ̀tayọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà:

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá!"